Iná Kì í Pa Kẹ́míkà Inú Ike

Ọ̀rọ̀ kan ti di òótọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn: pé ike tí wọ́n tún yọ́ ṣe ti mọ́ tán, torí iná ilé iṣẹ́ ti pa gbogbo ìdọ̀tí ara rẹ̀. Rárá o. Kòkòrò àrùn ni iná ń pa. Kẹ́míkà ò ní ẹ̀mí tí iná máa gbà.

Ẹ wo ìgò ike tí wọ́n ti rọ bẹntiróòlù sí rí. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣàn án dáadáa, ẹ dé e. Tẹ́ ẹ bá ṣí i lọ́jọ́ kejì, òórùn yẹn ṣì ń bẹ níbẹ̀, torí pé ó ti wọ inú ike náà lọ. Irú ìgò bẹ́ẹ̀, àti èyí tí wọ́n ti rọ oògùn apakòkòrò sí, lè bá ti omi mímu wọ ẹ̀rọ kan náà tó ń yọ́ ike.

Nǹkan bí 250 sí 260 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni PET, ike ìgò omi, máa ń yọ́. Àmọ́ òjé àti cadmium, àwọn irin olóró tó lè wà nínú ike, ò lè jóná dànù, bó ti wù kí ooru pọ̀ tó. Àwọn kẹ́míkà bromine tí wọ́n ń pò mọ́ ike tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà kó má bàa gbiná, wọ́n ti bá wọn nínú ike dúdú tí wọ́n fi ṣe ohun èlò ìdáná. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé yíyọ́ gan-an lè bí kẹ́míkà tuntun: tí PVC, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, bá ṣèèṣì bọ́ sáàárín PET, benzene, tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, lè ti ibẹ̀ jáde.

Mi ò sọ pé gbogbo ẹ̀ ló léwu o. Àwọn ilé iṣẹ́ tó mọṣẹ́ máa ń fi wẹ́wẹ́ PET sínú ooru fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á fa afẹ́fẹ́ ibẹ̀ jáde, kí kẹ́míkà tó ti wọnú rẹ̀ lè bá a jáde. Kí FDA, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, tó lè gbà wọ́n gbọ́, wọ́n máa ń mọ̀ọ́mọ̀ fi kẹ́míkà ba ike jẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á wá wọn èyí tó kù. Ní Yúróòpù, òfin 2022/1616 ló ń darí ọ̀rọ̀ náà. Polyethylene àti polypropylene, oríṣi ike méjì míì, nira ju PET lọ láti fọ̀ mọ́, torí wọ́n máa ń fa kẹ́míkà mu jù ú lọ.

Àmì onígun mẹ́ta abẹ́ ike ńkọ́? Láti 1988 tí wọ́n ti ṣe é, irú ike ni nọ́ńbà inú rẹ̀ ń sọ. Nọ́ńbà 2 kan náà ń bẹ lára ìgò wàrà àti ìgò ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ ò bá rí i kà lára ike pé oúnjẹ ni wọ́n ṣe é fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bu oúnjẹ gbígbóná tàbí olóròóró sí i; ooru àti òróró máa ń mú kí kẹ́míkà tètè jáde.