Ẹ gbé bíríkì ìṣeré ọmọ yín sọ̀ kalẹ̀ lórí kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òbí tó ti di bíríkì ìṣeré ọmọ yín sínú àpò ìrẹsì, tí ẹ gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù torí pé ọmọ ti dàgbà, ẹ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Tísà ni mí. Lórí tábìlì tí mo fi ń máàkì nílé wa l'Ókè-Báálẹ̀, agolo mílíìkì ni mo ń kó bírò sí tẹ́lẹ̀. Ohun gbogbo há sínú ihò kan ṣoṣo. Bí mo bá ń wá bíléèdì tí mo fi ń gbẹ́ pẹ́ńsù, àfi kí n da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, wò mí títí lálẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n kọ́ ilé fún àwọn bírò yín."

Ilé àkọ́kọ́ ga, ó sì dúró ṣánṣán. Mo ní kí n gbé e láti orí ẹní lọ sórí tábìlì, ó là sí méjì lọ́wọ́ mi, ó fọ́n ká bí ẹ̀wà. Omi ti ń lé ròrò lójú ọmọ. Bàbá bíríkìlà kan tó wá bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ owó búlọ́ọ̀kù wà ní pálọ̀ nígbà náà. Bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú ẹyọ mẹ́ta, ó ní: "Ọmọ mi, wò ó. O tò wọ́n sórí ara wọn bí agolo. Ibi tí méjì ìsàlẹ̀ bá ti fẹnu kora, ibẹ̀ ni kí àárín ẹyọ ti òkè bọ́ sí. Má jẹ́ kí ẹnu tọ ẹnu lẹ́yìn." Ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó dún pẹ́! Àwa méjèèjì ló kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Bíríkì tiwa, àdàlù ni. Ọjà ni mo ti ra púpọ̀ nínú wọn, ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ílùú Ọba sì fi LEGO díẹ̀, ìyẹn bíríkì oníke tó ní kókó lórí, ránṣẹ́. Àwọn kan nínú ti ọjà kò di ara wọn mú dáadáa, nítorí náà ìlà òkè pátápátá la tò wọ́n sí, a wá fi àwọn tó le ṣe ìpìlẹ̀ àti igun ilé. Láti àárín kókó orí bíríkì LEGO kan sí àárín èkejì, mìlímítà 8 ni. Yàrá tó fẹ̀ tó kókó méjì gba bírò, ṣùgbọ́n máákà tí mo fi ń kọ̀wé sójú pátákó ní kíláàsì, kókó mẹ́ta ni. Ńṣe ni ọmọ mi gbé máákà náà nàró sórí bíríkì tó ń fi ìka ka kókó. Rúlà gùn, ó ń fa ilé náà ṣubú sẹ́yìn, la bá ṣe yàrá kékeré kan sí ìdí rẹ̀, a da òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Kò mì mọ́.

Ẹnì kan ní kí n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa kó má bàa tú. Mi ò gbà, mi ò sì ní gbà láéláé. Títú yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn. Ní ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ LEGO, ní Dẹ́nmáàkì, gba ẹ̀tọ́ lórí bíríkì tó ní ọ̀pá oníhò nínú ikùn, èyí tó ń di kókó ẹnìkejì rẹ̀ mú. Títí di òní, bíríkì ọdún náà ṣì ń wọ ti ìsinsìnyí. Ẹ wo ohun tó ti pé bẹ́ẹ̀ tó sì ṣì wúlò, kí n wá fi gọ́ọ̀mù bà á jẹ́! Orúkọ náà fúnra rẹ̀, "leg godt" ni wọ́n gé kúrú, "ṣeré dáadáa" ló túmọ̀ sí ní èdè wọn.

Ohun tó ń dùn mí ni bí a ṣe máa ń sọ pé, "Fi ìṣeré yẹn sílẹ̀, lọ kàwé." L'Óṣogbo níbí kọ́ ló yẹ ká ti gbọ́ ọ. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di gbajúmọ̀ oníṣẹ́ ọnà. Òun àti Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà tó wá láti Austria, pẹ̀lú àwọn mìíràn ni wọ́n jọ fi símẹ́ǹtì ṣe iṣẹ́ ọnà sí Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, fi sára ogún àgbáyé ní 2005. Mo ti mú kíláàsì mi débẹ̀ rí. Nígbà tí mo fọwọ́ kan ògiri ibẹ̀, mo mọ̀ pé ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń to bíríkì ló wà nídìí rẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra sìtápúlà. Ọmọ mi tú ògiri ẹ̀gbẹ́ kan, ó fẹ yàrá náà sí i, ó sì dí i padà kí n tó pọn omi dé. Ó ti wá ń fi ìka wọn awò ojú bàbá rẹ̀ báyìí.