Ìwé Àdéhùn Nìkan Kọ́ Là Ń Pè Ní Àbójútó

Texas ni mo ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì ọmọ Yorùbá ti di NP (nurse practitioner, nọ́ọ̀sì tó kàwé sí i kó lè máa yẹ aláìsàn wò, kó sì máa tọ́jú wọn), ọ̀rọ̀ bí dókítà ṣe ń bójú tó wọn sì ti pẹ́ lọ́kàn mi.

Òfin ibẹ̀ ni pé NP tàbí PA (physician assistant, ẹni tó kẹ́kọ̀ọ́ láti máa bá dókítà tọ́jú aláìsàn) kò gbọ́dọ̀ dá oògùn kọ fún aláìsàn, àfi tí dókítà bá fún un láṣẹ. Ní ọ̀pọ̀ kíliníìkì, dókítà kan lè bá NP àti PA 7 lápapọ̀ tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn tó fi ń fún wọn láṣẹ yìí. Wọ́n á máa ṣèpàdé lóṣooṣù, dókítà á sì yẹ díẹ̀ wò nínú fáìlì aláìsàn.

Mi ò bá àbójútó jà o. Ìyá àgbà lè wọlé pé àyà ń dun òun, kó jẹ́ ọgbẹ́ inú, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn rẹ̀ ló fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàwé ẹ̀rí nílò ẹni tó ti rí irú rẹ̀ rí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. NP kan tí mo mọ̀ ti ń tọ́jú ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti alátọ̀gbẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Owó gọbọi ló ń san lóṣooṣù fún dókítà tí kì í bá a sọ̀rọ̀ àfi lórí fóònù. Nígbà tí dókítà náà fẹ̀yìn tì, àdéhùn parí. Orúkọ dókítà gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé oògùn, kò sì sí orúkọ tó máa kọ síbẹ̀ mọ́. Àwọn aláìsàn tó mọ̀ bí ẹni mowó ń pè é, oògùn wọn ń tán lọ, òun náà ń wá dókítà mìíràn kiri. Kò sẹ́ni tó sọ pé ó ṣi oògùn kọ rí!

Ọdún kan náà, 1965, ni iṣẹ́ NP bẹ̀rẹ̀ ní Colorado, ti PA ní Yunifásítì Duke, torí pé dókítà kò kárí. Wọn ò tíì kárí títí dòní.

Ní New York, láti 2022, NP tó bá ti ṣiṣẹ́ ju wákàtí 3,600 lọ kò nílò ìwé àdéhùn mọ́. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ ní Texas. Ṣùgbọ́n kí wákàtí wọ̀nyẹn jẹ́ ojúlówó, kí dókítà wà nítòsí. Ẹni tó bá sì ń gbowó àbójútó, kí òfin sọ ọ́ di dandan fún un láti gbé fóònù nígbà tí a bá pè é, kó sì fojú ara rẹ̀ rí aláìsàn tó bá rú wa lójú.