Gìgísẹ̀ Denis Law kọ́ ló já Manchester United wálẹ̀

Ẹ̀yin ará Manchester City, ẹ má bínú sí mi. Mo mọ̀ pé ìtàn yìí dùn lẹ́nu yín: Denis Law, ọmọ ilé United tẹ́lẹ̀, wọ aṣọ City wá sí Old Trafford, pápá United, ó fi gìgísẹ̀ ti bọ́ọ̀lù sáwọ̀n, bí United ṣe di èrò dífísọ̀n kejì nìyẹn. Àwọn ará United pàápàá ti gbà á, wọ́n sì ń sọ ọ́ fọ́mọ wọn. Gọ́ọ̀lù náà wọlé lóòótọ́. Àbájáde tí wọ́n so mọ́ ọn ni irọ́.

Sátidé, ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1974 ni. Eré ti ń lọ sópin nígbà tí Francis Lee gbá bọ́ọ̀lù wá síwájú ilé. Law ti kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ó fi gìgísẹ̀ tì í, Alex Stepney tó ń ṣọ́lé kò rí i mú. City 1, United 0. Law kò fò, kò nawọ́ sókè. Ojú rẹ̀ rọ bí ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú eré. Èrò ya wọ pápá. Sir Matt Busby, olùkọ́ni United tẹ́lẹ̀, gbẹnu sí gbohùngbohùn, ó bẹ̀ wọ́n títí, wọn ò gbọ́. Rẹfirí dá eré náà dúró láì pé àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú, àwọn aláṣẹ líìgì sì ní kí àbọ̀ rẹ̀ dúró bẹ́ẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣírò. Póíǹtì méjì péré ni wọ́n ń fún ẹni tó bá borí láyé ìgbà yẹn. Kí eré ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀, 32 ni United ní, ó sì ku eré méjì: èyí, àti ti Stoke. Ká ní wọ́n borí méjèèjì, 36 ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà, Birmingham na Norwich 2-1, wọ́n di 37. West Ham àti Liverpool ta ọ̀mì 2-2, West Ham náà di 37. Southampton tó parí sáà náà ní 36 gan-an, ó já. Nítorí náà, ká ní Law sùn sílé, ká ní United gbá mẹ́wàá wọlé City, 36 kò lè di 37 láéláé.

Àwọn kan á ní ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í já ẹgbẹ́ mẹ́ta dípò méjì, pé ìyẹn ló ṣe United. Ipò kọkànlélógún nínú méjìlélógún ni wọ́n wà o! Ẹgbẹ́ méjì ni ì bá já, wọ́n á ṣì wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá wá ń wá ẹni tó jẹ̀bi, ẹ wo gbogbo sáà náà. Eré 42, gọ́ọ̀lù 38 péré, ogún ìgbà ni wọ́n fìdí rẹmi. Stepney yìí kan náà, aṣọ́lé o, gbá pẹ́náritì méjì wọlé, ìgbà kan sì wà tí kò sí ẹni tó jù ú lọ ní gọ́ọ̀lù nínú ẹgbẹ́ náà. Bobby Charlton, ìràwọ̀ wọn, ti fẹ̀yìn tì ní 1973. Eré tí wọ́n fi na wọ́n 3-0 nílé QPR lọ́jọ́ kìíní ọdún 1974 ni George Best gbá kẹ́yìn fún wọn. Law tí gbogbo ayé ń bú yìí, gọ́ọ̀lù 237 ló gbá wọlé fún wọn láàárín ọdún mọ́kànlá, kí Tommy Docherty, olùkọ́ni wọn, tó ní kó máa lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Orí tẹlifísàn, ní Aberdeen ìlú rẹ̀, ló ti gbọ́ ọ.

Tó bá pọn dandan ká fi ẹ̀bi lé dábì, eré àárín ẹgbẹ́ méjèèjì yìí, lórí, ẹ mú ti oṣù kẹta, ní Maine Road, pápá City. 0-0 ló parí sí. Rẹfirí lé Lou Macari ti United àti Mike Doyle ti City jáde, wọ́n kọ̀ jálẹ̀, àfìgbà tó kó ẹgbẹ́ méjèèjì kúrò lórí pápá. Ká ní United borí níbẹ̀, tí wọ́n sì tún borí eré méjì tó gbẹ̀yìn, wọn ì bá bá Birmingham dọ́gba. Ṣùgbọ́n ta ni yóò máa sọ ìtàn 0-0?

Gọ́ọ̀lù gìgísẹ̀ ló dùn ún wò, ojú Law sì wà níbẹ̀. Ìbànújẹ́ ọkùnrin náà ni wọ́n kà sí ìjẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, United lọ sí Stoke. Wọ́n tún nà wọ́n, 1-0. Law kò sí níbẹ̀.