Òkun Nọ́rwèy kì í dì: ẹ bi pánla léèrè

Bí wọ́n bá dárúkọ Nọ́rwèy, yìnyín ló ń wá sí ọ̀pọ̀ wa lọ́kàn: òkun tó dì gbagidi, ilẹ̀ tó funfun láti ọdún dé ọdún, òkùnkùn oṣù mẹ́fà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Omi etíkun Nọ́rwèy, láti gúúsù títí dé ṣóńṣó àríwá, kì í sábà dì nígbà òtútù. Pánla tí à ń sè sínú ọbẹ̀ ni ẹ̀rí mi, nítorí pé ká ní ibẹ̀ tutù tó bí a ṣe rò ni, pánla gidi kò ní sí.

Àwọn erékùṣù Lofoten, ní àríwá Nọ́rwèy, ni ojúkò iṣẹ́ pánla. Wọ́n rékọjá ìlà Arctic, débi pé oòrùn kì í yọ níbẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin láàárín oṣù kejìlá sí oṣù kìíní. Síbẹ̀, òtútù ibẹ̀ kì í sábà jìnnà sí òdo lórí òṣùwọ̀n Celsius. Oslo tó jẹ́ olú-ìlú, tó wà lọ́hùn-ún ní gúúsù, máa ń tutù jù ú lọ nínú oṣù kìíní. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó ń ṣàn láti apá Mẹ́síkò gba orí òkun Atlantic kọjá ló fà á. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ etíkun Nọ́rwèy lọ sókè, afẹ́fẹ́ sì ń gbé ooru rẹ̀ wọ orí ilẹ̀. Apá gúúsù Greenland kò jìnnà sí àríwá ju Nọ́rwèy lọ, ṣùgbọ́n yìnyín ló bo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Láti oṣù kìíní sí ìkẹrin, ẹja cod, èyí tí wọ́n fi ń ṣe pánla, máa ń ti òkun Barents lókè àríwá wá yé ẹyin sí Lofoten. Àwọn apẹja á kó wọn, wọ́n á gé orí wọn, wọ́n á tú ìfun wọn, wọ́n á so wọ́n ní méjìméjì níbi ìrù, wọ́n á sì fi wọ́n kọ́ sórí àgbékà igi láti oṣù kejì títí di oṣù karùn-ún. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án, oògùn kankan kì í kàn án. Atẹ́gùn ló ń gbẹ ẹ́. Bí ojú ọjọ́ bá gbóná jù, eṣinṣin á bà á, á rà. Ṣùgbọ́n bí ó bá tutù jù, omi inú ẹran ẹja á di yìnyín, á ya ẹran náà, á sì rí bíi kànrìnkàn. Owó rẹ̀ á wálẹ̀. Nítorí náà, ojú ọjọ́ tó ń rìn létí òdo, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́, ni wọ́n ń tọrọ. Ẹja tó gbẹ dáadáa máa ń dín sí nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwúwo rẹ̀.

Orí tí wọ́n gé, wọ́n ń sá a pẹ̀lú, Nàìjíríà ló sì ń ra èyí tó pọ̀ jù. Ahọ́n rẹ̀, àwọn ọmọdé ibẹ̀ ló ń gé e tà, owó náà sì di tiwọn. Inú mi dùn sí èyí gan-an.

Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1431, ọkọ̀ rì mọ́ Pietro Querini, oníṣòwò ará Venice ní Ítálì, ó sì gúnlẹ̀ sí Røst, ní ìpẹ̀kun Lofoten, lọ́dún 1432. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹja tí wọ́n fi atẹ́gùn àti oòrùn gbẹ láìfi iyọ̀ sí i ni àwọn ará ibẹ̀ ń jẹ. Títí dòní, Ítálì ló ń ra èyí tó dára jù.

Ẹ̀rí mìíràn wà ní Narvik, ìlú èbúté kan ní àríwá Nọ́rwèy. Irin tí wọ́n ń wà ní Kiruna, ilẹ̀ Swídìn ni, ṣùgbọ́n òkun Swídìn ní àríwá máa ń dì. Torí náà ni wọ́n ṣe la ojú irin, tí wọ́n parí lọ́dún 1902, lọ sí Narvik ní Nọ́rwèy, níbi tí ọkọ̀ ojú omi ti lè wọlé nígbàkigbà. Nítorí irin yìí ni Jámánì àti Gẹ̀ẹ́sì ṣe forí gbárí níbẹ̀ lọ́dún 1940.

Òtútù burúkú wà ní Nọ́rwèy o, àárín ilẹ̀ ni ó wà. Ní Karasjok, tó jìnnà sí òkun, ó já dé 51.4 sísàlẹ̀ òdo ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1886. Àwọn Sámi, ọmọ ìbílẹ̀ àríwá, ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn kan nínú wọn sì ń sin ẹran reindeer.