Ẹnu dídùn kọ́ ni iṣẹ́ lọ́yà

Bí ọmọdé bá ti lè jiyàn, tí kò gbà kí wọ́n rẹ́ òun jẹ, kíá làwọn àgbà á ti ní, "Lọ́yà lèyí!" Bí wọ́n ṣe sọ fún èmi náà nìyẹn, mo sì gbà wọ́n gbọ́. Ìgbà tí mo dẹ́nu iṣẹ́ ni mo tó rí i pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko lè kọjá kí n má dìde sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Ìwé ló gba ìyókù. Kíkà, kíkọ, àtúnkọ.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ọ̀dọ́ kan bá bi mí bóyá kí òun lọ kọ́ ìmọ̀ òfin, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kọ́ ni mo máa ń wádìí. Mo máa ń bi í pé: ṣé o lè jókòó ti ìwé àdéhùn ológójì ojú ewé kí o má fo ìlà kan? Ẹni tó bá kọ "àti" síbi tó yẹ kí "tàbí" wà lè sọ ilé oníbàárà rẹ̀ di ti ẹlòmíràn.

Ẹ wo Gandhi, ẹni tó ṣáájú ìjà òmìnira Íńdíà. Ọdún 1891 ló di agbẹjọ́rò ní London. Nígbà tó padà sí Íńdíà, wọ́n gbé ẹjọ́ kékeré kan fún un ní Bombay. Ó dìde láti da ìbéèrè bo ẹlẹ́rìí, òyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, kò rí ìbéèrè kan bi. Ó jókòó, ó ní kí wọ́n gbé ẹjọ́ náà fún lọ́yà mìíràn. Ká ní ẹnu nìkan ni, ibẹ̀ ni ì bá parí sí. Lọ́dún 1893 ó dé South Africa lórí ẹjọ́ àwọn oníṣòwò méjì kan. Ìṣirò owó ló kún inú ẹjọ́ ọ̀hún, kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó ra ìwé, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣàkọsílẹ̀ owó òwò, títí ó fi mọ ẹjọ́ náà tinú-tòde. Lẹ́yìn náà ló wá bẹ àwọn méjèèjì, ìbátan ni wọ́n, kí wọ́n jọ yan ẹnì kan tó máa bá wọn dá a. Oníbàárà rẹ̀ jàre. Gandhi tún bá ẹni tó jẹ̀bi bẹ̀bẹ̀ kó lè máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, òótọ́ ni. Lójú tèmi, àwọn ẹjọ́ tí mi ò jẹ́ kó dé kóòtù rárá ni mo ṣe dáadáa jù.

Ohun kejì le jù ìwé lọ. Ṣé o lè ro ẹjọ́ ẹni tó o kórìíra, kó gbọ́ ọ kó ní, "Ohun tí mo fẹ́ sọ gan-an nìyẹn"? Ẹni tí kò bá lè ṣe é, ọ̀nà kan ṣoṣo ló ń rí, lọ́yà alátakò á sì gba ọ̀nà kejì wọlé bá a. Ọjọ́ ń bọ̀ tí wàá pàdánù ẹjọ́ tó o ṣe láìsùn, tí wàá sì wojú oníbàárà sọ fún un. Èyí ò tíì mọ́ mi lára.

Ti owó ńkọ́? Àwọn kan rí i, àwọn kan ò rí i. Ìyẹn tó.

Ní Amẹ́ríkà, èèyàn ní láti kọ́kọ́ gboyè yunifásítì kan kó tó lọ fi ọdún 3 kọ́ òfin, ó ráyè ronú. Níbi púpọ̀, látilé ẹ̀kọ́ girama lèèyàn ti ń yàn án, ìyẹn sì ti yá jù lójú mi. Kó o tó yàn án, lọ jókòó sí kóòtù fún ọjọ́ kan. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún ará ìlú. Má wá ẹjọ́ ìpànìyàn lọ o! Ẹjọ́ gbèsè ni kó o lọ wò, èyí tí kò sẹ́ni tó ń ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ìdájọ́ kan tí adájọ́ kọ sílẹ̀, kà á dópin. Bó o bá kà á tán tó o ṣì ń bá adájọ́ yẹn jiyàn nínú ọkàn rẹ lálẹ́, kọ̀wé sí mi, ká jọ sọ ibi tí wàá ti bẹ̀rẹ̀.