Kò sí èpè kankan lórí Julia Louis-Dreyfus

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ pé èpè ti mú Julia Louis-Dreyfus, òṣèrébìnrin ará Amẹ́ríkà, láti ìgbà tí Seinfeld, eré apanilẹ́rìn-ín orí tẹlifíṣọ̀n tó ti kópa, ti parí ní 1998, pé kò rọ́wọ́ mú mọ́, kì í ṣe òótọ́. Mi ò lè gbójú fò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Watching Ellie, eré rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002, kò pẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Wọ́n fi aago kékeré kan sí igun ojú tẹlifíṣọ̀n, tó ń ka ìṣẹ́jú sẹ́yìn bí eré ṣe ń lọ. Nígbà tó fi máa padà ní 2003, wọ́n ti yọ aago náà, wọ́n fi ẹ̀rín èrò sí i, síbẹ̀ wọ́n dá a dúró. Ìṣubú gidi nìyẹn, ẹ ò parọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kí eré kan má tà, ṣé èpè nìyẹn?

Ní 2006 ló bẹ̀rẹ̀ eré mìíràn, The New Adventures of Old Christine, ó sì gba Emmy, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Amẹ́ríkà, lọ́dún yẹn gan-an. Veep wá dé ní 2012. Emmy 6 ló gbà lórí ipa Selina Meyer tó kó nínú eré yẹn nìkan, léraléra, títí dé 2017.

Ọjọ́ kejì tó gba ìkẹfà ló gbọ́ pé òun ní jẹjẹrẹ ọmú. Wọ́n dá iṣẹ́ dúró kó lè gba ìtọ́jú, ó padà, wọ́n sì parí Veep ní 2019. Ó dùn mí pé irú obìnrin bẹ́ẹ̀ lẹ ń pè ní ẹni tí ò rọ́wọ́ mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un kọ.