“Ẹ jẹ́ kó kú tán kí ẹ tó fi sí iná”: ìmọ̀ràn tó ń pa bátìrì láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn wa.

Láti Kàbà títí dé Ìsánlú, ẹni tó bá ra láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kì í ṣàì gbọ́ ìmọ̀ràn yìí lẹ́nu ẹni tó tà á fún un: “Ẹ máa lò ó títí yóò fi kú fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fi sí iná. Bí ẹ bá ń ṣáàjì rẹ̀ nígbà tí nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀, ó máa mọ́ ọn lára, kò ní gba iná kún mọ́.” Ọ̀gá ń sọ ọ́ fún ọmọ iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ń sọ ọ́ fún àbúrò. Ní ti àwọn láptọ́ọ̀pù tó wà lọ́wọ́ wa, ìmọ̀ràn náà kò tọ̀nà, ó sì ti sọ ọ̀pọ̀ bátìrì tó yẹ kó ṣì lo ọdún méjì sí i di pàǹtí.

Ó níbi tó ti ṣẹ̀ wá o. Àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká ayé àtijọ́ kò lo irú bátìrì tiwa yìí. Toshiba T1000 tó jáde lọ́dún 1987, bátìrì níkẹ́ẹ̀lì-kádíọ́ọ̀mù (Ni-Cd) ló wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń lo Ni-Cd débì kan náà lójoojúmọ́, tí ẹ wá ń ṣáàjì rẹ̀ padà láti ibẹ̀, kádíọ́ọ̀mù inú rẹ̀ á máa dì, á di wóró ńláńlá, fóòtì (V) rẹ̀ á sì máa tètè já wálẹ̀. Bí wọ́n bá lò ó títí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan (àwọn bátìrì kéékèèké tó para pọ̀ di odindi bátìrì) fi dé nǹkan bíi 1.0 V, àwọn wóró náà á tún tú ká. Fún irú bátìrì bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ràn yẹn bọ́gbọ́n mu. Àmọ́ lọ́dún 1991 ni Sony gbé bátìrì lítíọ́ọ̀mù (Li-ion) jáde fún títà, nígbà tí ọdún 2000 sì fi máa dé, òun ló gba inú ọ̀pọ̀ jù lọ láptọ́ọ̀pù. ThinkPad T60, ThinkPad X61, Dell Latitude D630, lítíọ́ọ̀mù ni gbogbo wọn. Bátìrì yí padà, ìmọ̀ràn kò yí padà.

Ẹ yọ bátìrì, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀: Ni-Cd, Ni-MH (òun náà jẹ́ irú níkẹ́ẹ̀lì) tàbí Li-ion. Ẹ má fi fóòtì nìkan dá a mọ̀, torí 10.8 V lè jẹ́ lítíọ́ọ̀mù mẹ́ta tí wọ́n so léra wọn (3.6 V lọ́nà mẹ́ta), ó sì lè jẹ́ níkẹ́ẹ̀lì mẹ́sàn-án (1.2 V lọ́nà mẹ́sàn-án).

Kí ló wá ń ṣe lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n bá pa á kú tán? Sẹ́ẹ̀lì tó kún jẹ́ 4.2 V. Nígbà tó bá sún mọ́ 3 V, láptọ́ọ̀pù á pa ara rẹ̀. Lásìkò yẹn kò tíì bàjẹ́, díẹ̀ ṣì kù nínú rẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ fún ààbò. Ohun tó ń tẹ̀ lé e nílé wa ni wàhálà. Láptọ́ọ̀pù kú lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná kò wá, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, wọ́n gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó tún fọwọ́ kàn án. Ní gbogbo àkókò yẹn, iná inú bátìrì ń dín kù díẹ̀díẹ̀ fúnra rẹ̀, pátákó kékeré tó ń ṣọ́ ọ nínú sì ń mu nínú ìwọ̀nba tó kù. Bí sẹ́ẹ̀lì bá lọ sísàlẹ̀ 2 V, tó sì pẹ́ níbẹ̀, bébà bàbà tó wà nínú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́. Ọjọ́ tí ẹ bá wá fi iná sí i, bàbà tó ti yọ́ náà á tún dì, á sì lè hù bí abẹ́rẹ́ gba inú sẹ́ẹ̀lì kọjá. Ìdí nìyẹn tí pátákó náà fi máa ń kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò ní gba iná mọ́. Ẹni tó ni ín á ní ṣe ni bátìrì òun ṣàdédé kú. Kò ṣàdédé kú.

Kódà bí ẹ bá ń tètè ṣáàjì rẹ̀ padà, lílò láti 100% dé 0% lójoojúmọ́ ń gbó o kíákíá. Bátìrì láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ń lò bẹ́ẹ̀ sábà máa ń rí 300 sí 500 ìgbà kí agbára rẹ̀ tó dín kù gan-an. Èyí tí wọ́n ń lò láàárín 80% àti 40% máa ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa.

Àmọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn á búra pé àwọn pa tàwọn kú tán, ó sì sọjí. Òótọ́ ni wọ́n rí nǹkan kan, àfi pé ohun tí wọ́n rí kọ́ ni wọ́n rò. Ẹ wo géèjì epo ọ̀kadà. Bí géèjì bá lẹ̀ mọ́ ìdajì, tí ẹ wá tún un ṣe, kò fi epo kún táǹkì yín. Bátìrì láptọ́ọ̀pù náà ní géèjì tirẹ̀, bó bá sì ti pẹ́ tí kò rí òkè àti ìsàlẹ̀, ìṣirò rẹ̀ máa ń ṣì. Ẹ ó rí 34%, lójijì ẹ̀rọ á pa. Bí ẹ bá lò ó tán tí ẹ tún ṣáàjì rẹ̀ kún lẹ́ẹ̀kan, géèjì á padà bọ̀ sípò, òǹkà á sì máa rọra wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ẹ wá fi aago ka wákàtí tó ń lò: iye tó ń lò tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ń lò.

Nítorí náà, ìgbà tí òǹkà bá ń ṣì yín lọ́nà nìkan ni kí ẹ ṣe é, ó sì pọ̀ jù, ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta. Ẹ ṣáàjì rẹ̀ kún, ẹ fi sílẹ̀ lórí iná fún wákàtí méjì sí i, ẹ lò ó títí yóò fi pa ara rẹ̀, kí ẹ sì fi sí iná padà lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ tí iná tàbí sólà bá dá yín lójú ni kí ẹ mú fún un.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí bátìrì rẹ̀ ṣe gbó tó, kó má fi ojú díwọ̀n. Lórí Windows 8 sókè, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ powercfg /batteryreport. Lórí Windows 7, powercfg /energy ni. Nínú ìwé tí yóò gbé jáde, ẹ fi Design Capacity (iye tó ń gbà nígbà tó jẹ́ tuntun) pín iye tó ń gbà báyìí tó bá kún (Full Charge Capacity; Windows 7 ń pè é ní Last Full Charge). Bátìrì ThinkPad kan tó jẹ́ 10.8 V, 5.2 Ah, 56,160 mWh ló jẹ́ nígbà tó jẹ́ tuntun. Bí tiyín bá kọ 28,000, ìdajì ti lọ, kò sì sí pípa-kú-tán tó lè dá a padà.

Kí ẹ tó dá bátìrì lẹ́bi rárá, ẹ yẹ ṣájà wò. Àwọn Dell máa ń bi ṣájà pé ta ni, láti ojú abẹ́rẹ́ kékeré tó wà láàárín ẹnu rẹ̀. Bí ṣájà kò bá lè dáhùn, tàbí abẹ́rẹ́ náà ti wọ́, láptọ́ọ̀pù á máa ṣiṣẹ́ lórí iná, ṣùgbọ́n kò ní ṣáàjì bátìrì. Ó dùn wá pé ọ̀pọ̀ ti fi owó ra bátìrì tuntun nígbà tó jẹ́ ṣájà ló yẹ kí wọ́n pààrọ̀.

Ooru ló kù, òun sì ni ọ̀tá gidi ní Lọ́kọ́ja àti agbègbè wa, pàápàá láàárín oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin. Àwọn òǹkà tí Battery University, ìkànnì ẹ̀kọ́ nípa bátìrì, tẹ̀ jáde fi í hàn kedere: bátìrì lítíọ́ọ̀mù tí wọ́n tọ́jú ní 40% níbi tó tutù dé 25°C, lẹ́yìn ọdún kan 96% agbára rẹ̀ ló ṣì kù. Èyí tó kún 100%, tí wọ́n tọ́jú síbi tó gbóná dé 40°C, 65% ló kù, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lò ó. Yàrá abẹ́ páànù tí kò ní sílíìnì ń dé 40°C lọ́sàn-án láìṣòro, inú mọ́tò tí wọ́n gbé sóòrùn sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ kò bá ní lo láptọ́ọ̀pù fún ìgbà pípẹ́, ẹ lò ó dé nǹkan bíi 50%, ẹ pa á, ẹ yọ bátìrì lọ́tọ̀, kí ẹ sì gbé e sísàlẹ̀ ilé níbi tó tutù tó sì gbẹ. Lẹ́yìn oṣù méjì-méjì, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ sì dá a padà sí 50%.

Fíríìsà kọ́ la ń sọ o. Òtútù lè dín gbígbó kù, kò lè jí òkú bátìrì. Ìrì tó máa ń bò ó nígbà tí wọ́n bá gbé e jáde ló sì ń mú kí pátákó inú rẹ̀ dípẹtà.

Bó bá jẹ́ orí tábìlì ni láptọ́ọ̀pù yín máa ń wà, tí iná sì wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, ẹ má jẹ́ kó jókòó sí 100%. Àwọn ThinkPad àtijọ́ ní ètò Power Manager lórí Windows. Lórí Linux, TLP (ètò tó ń ṣàkóso bí ẹ̀rọ ṣe ń lo iná) pẹ̀lú tp_smapi tó ń bá bátìrì ThinkPad sọ̀rọ̀ ń ṣiṣẹ́ fún T60 àti X61. Ẹ ní kó bẹ̀rẹ̀ ṣáàjì ní 40%, kó dúró ní 80%. Ẹni tó ń lo jẹnẹrétọ̀ kékeré, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó ki ṣájà bọ iná. Ṣájà tí wọ́n kọ 100–240 V sí lè fara da iná tó rẹlẹ̀ díẹ̀, ìgbà tí iná bá ta lójijì ló ń pa á.

Ní ti àwọn tó ń pààrọ̀ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀: sẹ́ẹ̀lì 18650 fẹ̀ tó 18 mm, ó gùn tó 65 mm, bátìrì onísẹ́ẹ̀lì mẹ́fà sì sábà máa ń jẹ́ méjì-méjì lọ́nà mẹ́ta. Ẹ fi mítà wọn méjì kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ 3.6, 3.6, 1.1 lẹ rí, èyí tó wà ní 1.1 ti kú. Ẹ má fi ṣájà mìíràn fipá jí i. Ẹ má fi lẹ́ẹ̀dì àti àyọ́ọ̀nù jó ẹnu sẹ́ẹ̀lì, ooru rẹ̀ ń ba inú jẹ́. Ẹ̀rọ tó ń fi iná lẹ ọ̀já níkẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ mọ́ ọn ni wọ́n ń lò. Sẹ́ẹ̀lì 18650 tí wọ́n kọ 9,800 mAh (ìwọ̀n iná tó lè gbà) sí, irọ́ ni. Ojúlówó tó dára lọ́jà wà ní nǹkan bíi 3,500, ó sì máa ń wọ̀n tó 45 g. Ayédèrú fúyẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, pátákó inú bátìrì púpọ̀ máa ń ti ara rẹ̀ pa bí wọ́n bá ti já sẹ́ẹ̀lì kúrò. Fún ọ̀pọ̀ èèyàn, kí wọ́n ra odindi bátìrì tí wọn kò ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ló sàn jù.

Àwọn tó ní ẹ̀rọ àwọn ọdún 1990, irú Toshiba Satellite ìgbà náà, ẹ tètè ṣí i. Bátìrì kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń tọ́jú aago, tí wọ́n fi rọ́bà dì, omi rẹ̀ sì máa ń jò tó ń jẹ ojú ọ̀nà bàbà lórí pátákó. Bí ẹ bá rí ohun aláwọ̀ ewé tàbí búlúù níbẹ̀, ẹ gé bátìrì náà kúrò, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti fínígà funfun fọ ojú ibẹ̀, ẹ tún fi ọtí isopropyl fọ̀ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ fún odindi ọjọ́ kan kí ẹ tó fi sí iná.